Ta Ló Ń Dí Ihò Kọ́kọ́rọ́ Turat?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí títí dé ìlà tó gbẹ̀yìn kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹni tó bá kà á dé ìdajì á rò pé Turat ló jàre.

1.
Abúlé kan lórí òkè, lọ́nà ìlú Naryn, níbi tí òtútù ti ń di omi, ni Turat ń gbé pẹ̀lú Burul ìyàwó rẹ̀ àti Kalipa ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa ẹṣin tí wọ́n máa ń jẹ nígbà òtútù, ó pe èèyàn wá jẹun. Lọ́dọ̀ wọn, egungun ní ipò: egungun itan olọ́ràá, àgbà ló ni ín. Jumash aládùúgbò wọn ló dàgbà jù nínú àwọn ọkùnrin tó jókòó. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kékeré kan láti ọ́fíìsì ìjọba wà níbẹ̀, Turat sì ń wá ojúrere rẹ̀. Ó gbé egungun àgbà fún ọ̀gá, ó gbé egungun ìhà fún Jumash. Àwọn àlejò wojú ara wọn. Jumash jẹ tirẹ̀, ó ṣàdúrà, ó lọ sílé.

Turat ò sùn dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ lara ń fu.

2.
Kò pẹ́ sí i ni ihò kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Tó bá ti di àárọ̀, kọ́kọ́rọ́ ò ní wọlé, yìnyín á ti dí i pa. Turat á sáré gbé kẹ́tùlù tíì, á da omi gbígbóná sí i, ilẹ̀kùn á ṣí, á bá tirẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì á tún dì, á le ju ti àná lọ.

"Mọ́tò àwọn ará àdúgbò ò dì, àfi tèmi," ó sọ fún Burul. "Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Ẹni tó ń ṣe mí ò jìnnà."

Burul ní àbí omi kẹ́tùlù yẹn náà ni. Turat bi í pé ṣé omi tó ń hó ló wá ń di yìnyín báyìí, ó ní ó ti mọ́ ọn lára láti máa gbèjà èèyàn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ Jumash nìyẹn. Tí baba náà bá kí i, á ní ẹ̀rín yẹn ní nǹkan nínú. Tí kò bá kí i, á ní ẹ ò rí i, ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú. Tó bá ń gbá yìnyín ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀, Turat á ní ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ òun ló ń gbá a sí. Ìfura ò mọ oúnjẹ ṣà, ẹ̀yin èèyàn mi. Ohun tó bá rí ló ń jẹ.

3.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Turat yọjú lójú fèrèsé, ó sì rí Jumash tó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ìgò kékeré lọ́wọ́ kan, ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ lọ́wọ́ kejì. Ó ń ki ìyẹ́ náà bọ ihò kọ́kọ́rọ́. Turat ò dúró wọ bàtà. Ó já síta, ó di ọrùn ẹ̀wù baba náà mú, ó pariwo títí àwọn tó ń lọ ra búrẹ́dì fi dúró wòran.

"Ẹ wá wo àgbà tó ń torí egungun ba nǹkan onínǹkan jẹ́!"

Jumash wo ẹnu ọ̀nà ilé Turat, níbi tí Kalipa dúró sí.

"Turat, gbọ́ ná," ìyá wí. "Èmi ni mo..."

"Ìyá, ẹ wọlé. Ẹ dákẹ́. Ẹ má dá sí i."

Ìyá dákẹ́. Jumash dé ìgò rẹ̀, ó ní, "Ó dáa, àbúrò. Mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́."

Turat yan wọlé bí ẹni tó mú olè. Nígbà tí ihò náà tún dì lọ́jọ́ kejì, ó ní baba yẹn ti wá ọ̀nà míì. Ó gbé kẹ́tùlù.

4.
Àárọ̀ tí òtútù le jù lọ́dún náà, Kalipa ń po ìyẹ̀fun nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ jọ̀bọ̀. Ẹnu rẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ṣubú. Turat sáré síbi mọ́tò. Kọ́kọ́rọ́ ò wọlé.

Burul bẹ̀ ẹ́. "Ẹ jẹ́ n lọ pe Ẹ̀gbọ́n Jumash. Mọ́tò tiwọn ń ṣiṣẹ́."

"Ẹni tó ń dí i? Kó lè wá fi mí rẹ́rìn-ín? O ò gbọ́dọ̀ débẹ̀."

Ó da kẹ́tùlù kan sí i, kò ṣí. Ó tún gbé omiíràn kaná. Ìyá rẹ̀ wà nílẹ̀, òun dúró kí omi hó. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wọlé díẹ̀, ó fi agbára yí i, ó kán sínú ihò. Kọ́kọ́rọ́ yẹn kan náà ni wọ́n sì fi ń tan ẹ́ńjìnnì, nítorí náà, bó tiẹ̀ fọ́ gíláàsì, kò lè lọ ibì kan.

Burul ò gbàṣẹ mọ́, ó sáré lọ. Jumash dé láìdé fìlà, kò béèrè nǹkan kan, ó bá wọn gbé Kalipa sẹ́yìn mọ́tò tirẹ̀.

5.
Nílé ìwòsàn, dókítà ní ìyá ò ní kú. Ó ní ká ní wọ́n tètè gbé e dé ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀, àmọ́ kò jọ pé yóò tún sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.

Ẹ gbọ́, níbẹ̀ náà, ìfura ò tíì tán nínú Turat. Ó bi Jumash pé kí ló wà nínú ìgò ọjọ́sí. Jumash yọ ọ́ nínú àpò, ó fi lé e lọ́wọ́. Epo ẹ́ńjìnnì ni.

"Ìyá rẹ gbé búrẹ́dì wá bá mi, wọ́n tọrọ àforíjì nítorí egungun yẹn. Mo ní ó ti tán. Wọ́n ní omi tí o ń dà sínú ihò náà ló ń sùn síbẹ̀, òun ló ń di yìnyín mọ́jú, o ò sì ní gbọ́ tàwọn. Wọ́n ní kí n bá àwọn fi epo sí i, kí n má jẹ́ kí o mọ̀, kí ojú má bàa tì ọ́. Ọjọ́ tí o mú mi yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Mo ti ṣèlérí fún wọn. Ìyá fẹ́ sọ ọ́ fúnra wọn, Turat. Ìwọ lo ní kí wọ́n dákẹ́."

Kalipa ti padà sílé báyìí. Turat máa ń jókòó tì í, á ní, "Ìyá, ẹ bá mi wí. Ẹ tiẹ̀ bú mi." Ìyá á kàn máa wò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, ẹ ṣọ́ra. Ẹ má da omi gbígbóná sí ihò kọ́kọ́rọ́ tó dì, epo ẹ́ńjìnnì díẹ̀ tí ẹ bá ti fi sí i ṣáájú ló tó. Kí ẹ tó di ọrùn ẹ̀wù aládùúgbò yín mú, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà lọ́wọ́ ara yín. Tí ìyá yín bá sì la ẹnu, ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni òwe tí Turat pa fún ìyàwó rẹ̀, àmọ́ ìta ló kàn ń wò, kò wo ọwọ́ ara rẹ̀: kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà.