Ẹ̀yìn Ìyàwó Káfíńtà

"Kò dọ́gba!" ni káfíńtà tún pariwo.

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, ló bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ kan lórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi ìkejì fa irin ìdárayá tó rí bíi kẹ́tùlù wá síbàdí. Ẹ̀yìn ló ń dùn ún; dókítà ní bó bá lè fà á lẹ́ẹ̀mẹwàá, tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó lè padà sídìí máṣíìnì. Ni ọkọ bá gbé lẹ́fẹ̀lì olómi tó fi ń wo bí pákó ṣe tẹ́jú lé e lẹ́yìn.

"Ìbàdí ẹ ga, Ìyá Ìbejì! Tún un bẹ̀rẹ̀ láti oókan."

"Ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án tí mo fà á rèé! Ṣé pákó lẹ fi mí pè ni?"

"Lẹ́fẹ̀lì mi kì í purọ́."

Inú bí ìyàwó, ó já lẹ́fẹ̀lì náà gbà, ó gbé e lé bẹ́ǹṣì. Ìfófòó inú omi rẹ̀ sá sọ́tùn-ún. Ó yí orí lẹ́fẹ̀lì náà sídìí, ìfófòó sá sósì.

"Bàbá Ìbejì, bẹ́ǹṣì kan náà ló ga lọ́tùn-ún, tó tún ga lósì?"

Káfíńtà kọjú sẹ́nu ọ̀nà. Ó fa fìlà rẹ̀ yọ lára ìṣó.

"Níbo lẹ ń lọ?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ilé àna wa. Àtẹ̀gùn tí mo fi lẹ́fẹ̀lì yìí kàn fún wọn lánàá..."

Ó ti sáré jáde láìwọ bàtà. Ìyàwó rẹ̀ fi orin sẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa irin náà pé ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Kò sẹ́ni tó wò ó.