Yíyọ Gbádébọ̀ Kúrò Nínú Fọ́tò

Sọ́fíwià ọ̀fẹ́ orí kọ̀ǹpútà ni mo fi ń tún fọ́tò ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀, opó kan wọlé. Aṣọ rẹ̀ gbẹ. Ó mú fọ́tò Gbádébọ̀ wá, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù òdìkejì.

"Bàbá, àbúrò ọkọ mi ló dúró níwájú ilé wa yìí. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Ogójì ọjọ́ ikú ọkọ mi ò tíì pé tó fi lé mi jáde."

"Ìbínú nìyẹn."

"Ẹ̀san ni, Bàbá."

Mo gbé fọ́tò náà sínú kọ̀ǹpútà, mo sì pa ẹsẹ̀ ọkùnrin náà rẹ́.

Gbádébọ̀ figbe ta lódìkejì. "Ẹ gbà mí o! Ẹsẹ̀ mi dà?"

Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí máòsì.

Opó náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún mi."

Máòsì ń rìn fúnra rẹ̀ lọ síbi orí.