Làálì Lọ́wọ́ Mọnsúrátù

Nílé wa nígbà náà, kò sí ọmọdé tó ń jẹun àárọ̀ láìkọ́kọ́ na àtẹ́lẹwọ́ sí dígí ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rọ tó ń fi àwọ̀ àtẹ́lẹwọ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ pé lára. Mo ti pẹ́ lájò, ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ kejì Iléyá yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Dígí ní ẹ̀jẹ̀ Mọnsúrátù, ọmọ ọdún méjì, pé. Bẹ́ẹ̀ ara ọmọ ń jó bí iná, ọrùn rẹ̀ kò gbé orí dúró. Rísìkátù àbúrò mi, ìyá rẹ̀, pọ̀n ọ́n, ó fẹ́ gbé e lọ ọsibítù.

Ìyá wa ní, "Dígí ti sọ̀rọ̀! Ṣé o gbọ́n ju ẹ̀rọ lọ ni?"

Rísìkátù ní, "Ìyá, làálì tí ẹ lé sí i lọ́wọ́ lánàá ni dígí rí."

Ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀: inú rẹ̀ funfun bí òwú. Ìyá káwọ́ lérí.

Nígbà tí a dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì ẹnu géètì wo èsì tí dígí wa ti fi ránṣẹ́ sí wọn, ó ní, "Dígí yín ní ara ọmọ yá. Ẹ máa lọ."

Rísìkátù ní, "Mi ò lọ. Ẹ gún un lábẹ́rẹ́, kí ẹ wo ẹ̀jẹ̀ gan-an."

Wọ́n gún un. Ibà ti jẹ ẹ̀jẹ̀ tán lára ọmọ. Kí oòrùn tó kanrí, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ ti gbé àpò ẹ̀jẹ̀ dé, wọ́n sì fà á sí i lára.

Ìyá wa kò wo ẹ̀rọ kankan mọ́. Ìpéǹpéjú ọmọ ló ń ṣí wò, títí inú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.