Òpó Ilé Ọ̀yà

Àlọ́ mi bọ́, kò bọ́ sóko, kò bọ́ sódò, ìdí òpó ilé Ọ̀yà onígbèéraga ló bọ́ sí.

Ikán ń jẹ òpó náà. Ìyá Ọ̀yà tó ń sùn nítòsí rẹ̀ gbọ́ ọ, ó ní, "Ọmọ mi, bẹ ọ̀wẹ̀."

Etu aládùúgbò wọn ní, "A ti ṣe tán. Òòjọ́ kan la ó fi pààrọ̀ rẹ̀."

Ọ̀yà ò fẹ́ kí wọ́n rí ohun tó ń jẹ ilé òun. Ó ní, "Apá mi ká ilé mi." Ó po amọ̀, ó fi ń rẹ́ òpó, ó ń kọrin, ikán sì ń gbè é láti inú:

Mo rẹ́ òpó, òpó dán.
*A wà níbẹ̀.*
Mo rẹ́ ilé, ilé gún.
*A wà níbẹ̀.*

Ìyá ní òun ṣì ń gbọ́ wọn. Ọ̀yà tún rẹ́ ẹ nípọn sí i. Amọ̀ tútù sì tu ikán lára.

Òjò ńlá dé, òpó ṣẹ́, òrùlé wó pa ìyá.

Etu àti gbogbo ẹranko gbé ọkọ́ dé láìdúró de ìpè, wọ́n ń gbẹ́ sàréè. Ọ̀yà nawọ́ sí ọkọ́ kan.

Etu ní, "Jókòó. A kì í dá nìkan sin ìyá ẹni."