Ọkọ̀ Tí Bàbá Ìbẹta Bà Lórúkọ Jẹ́

"Ẹ má sún mọ́ bọ́ọ̀sì yẹn o! Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ti nọ́ọ̀kì, bíréèkì ò mú."

Bàbá Ìbẹta ń sọ ọ́ sétí gbogbo ẹni tó wá síbi gbàǹjo. Kò tiẹ̀ yẹ ọkọ̀ náà wò. Òun gan-an ló fẹ́ rà á. Ọmọ mẹ́ta ò lè máa jókòó lé ìyá wọn lẹ́sẹ̀ títí láé.

Wọ́n lu gbàǹjo, òun nìkan ló nawọ́.

Bó ṣe gba kọ́kọ́rọ́, bàbá arúgbó kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, o mọ ọkọ̀ o! Èmi ni mo ń wà á tẹ́lẹ̀. Gbogbo àrùn ẹ̀ lo kà tán, àfi pé kì í rìn sẹ́yìn mọ́."

Bàbá Ìbẹta wo ọkọ̀ ẹ̀. Imú ẹ̀ ti kan ògiri.