Iná Ẹ̀pẹ́ Kì í Kọjá Aago Mẹ́ta

Dáúdà kọ́kọ́ ṣí fáìlì inú suwíìṣì Ẹ̀pẹ́, ó kà á láti òkè délẹ̀. Kò sí ohun tó yí padà níbẹ̀. Ìkòròdú ló jókòó sí, ní ọ́fíìsì iléeṣẹ́ ẹja Alhaja Rọ̀kíbátù ní ọ̀nà Ìgbògbò, àmọ́ àṣẹ tó bá tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, Ẹ̀pẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Suwíìṣì yẹn ni àpótí tó so àwọn kámẹ́rà sítọ́ọ̀ Ẹ̀pẹ́ mọ́ Ìkòròdú. Ọdún mọ́kànlá ni Dáúdà ti ń tọ́jú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rí àléébù lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Láàárọ̀, Waliyah tó ń bójú tó sítọ́ọ̀ náà ti pè é, ó ní irú sọ́kẹ́ẹ̀tì wo ni suwíìṣì ń lò. Dáúdà dá a lóhùn, kò bi í nídìí. Ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Nígbà tó di aago kan ààbọ̀, tí gbogbo Ẹ̀pẹ́ ti wọ mọ́ṣáláṣí, ó tẹ àṣẹ kan ṣoṣo. Ó fi dí ihò tí àwòrán kámẹ́rà ń gbà wá sí Ìkòròdú. Ihò yẹn náà lòun fúnra rẹ̀ ń gbà wọlé, nítorí náà kò lè padà síbẹ̀ mọ́.

Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Kò pa àṣẹ náà mọ́ sínú fáìlì. Àṣẹ tí a kò bá pa mọ́, bí ọ̀rọ̀ tí a ò kọ sílẹ̀ ni: bí iná bá ti lọ, suwíìṣì á gbàgbé rẹ̀, á gbàgbé orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ àti aago tó tẹ̀ ẹ́, ohun tó wà nínú fáìlì ló sì máa bá jí. Iná Ẹ̀pẹ́ kì í sì í kọjá aago mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Dáúdà ti kọ̀wé sí Alhaja nítorí iná yìí, kò rí èsì. Lónìí, inú ẹ̀ dùn pé kò rí i.

Kí aago mẹ́ta tó lù, Ùsámà àna rẹ̀ á ti gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi méjì kúrò ní sítọ́ọ̀. Ọkọ̀ Ùsámà rì tòun ti ẹ́ńjìnnì lóṣù tó kọjá, ẹrù Dáúdà ló sì gbé tó fi rì. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ wọ́n, ẹ̀wọ̀n ni.

Aago mẹ́ta lù, Waliyah pè.

"Bọ̀ọ̀dá Dáúdà, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ti múná lọ o."

"Alhamdulillah."

"Ẹ ní kí ni?"

Ó ní pẹ̀lẹ́ lòun kí i. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ tí jẹnẹrétọ̀ dún lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

Ìṣẹ́jú márùn-ún ni suwíìṣì fi ń jí. Dáúdà tẹjú mọ́ àwòrán kámẹ́rà. Dúdú ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, dúdú ni. Ùsámà fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé òun ti gúnlẹ̀ sí Ìbẹ̀ṣẹ̀. Ó di aago mẹ́ta ààbọ̀, Dáúdà gbìyànjú láti wọ inú suwíìṣì, kò rí ọ̀nà wọlé.

Alhaja wọlé, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án léjìká bí ìyá ṣe ń fọwọ́ kan ọmọ.

"Ṣé o rò pé mi ò ka lẹ́tà ẹ ni, Dáúdà? A ti gbé bátìrì sábẹ́ suwíìṣì Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ yìí, iná ìbáà lọ látàárọ̀ dalẹ́, kò ní kú mọ́."