Omi Tútù Lábẹ́ Táńkì

Ọ̀gá ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ náà fọwọ́ kan páìpù ìsàlẹ̀ táńkì, ó bá a ní tútù, ló bá kọjú sí igbákejì rẹ̀.

"Omi tútù tí à ń tú lu ooru omi tó ń ti bọ́ílà bọ̀, ṣé kò yẹ kó gbóná tó bá ń jáde ni?"

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá. Ẹ má wò mí báyẹn."

"Ẹnìkan ń jí ooru yìí."

Wọ́n rí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹnìkan fi fa ooru náà gba inú ògiri. Ọ̀gá di igbákejì lápá mú, ó wọ́ ọ dé ẹ̀yìn ògiri. Ìyàwó ọ̀gá, tó ń gbálẹ̀ ilé iṣẹ́, ló jókòó síbẹ̀, tó ń fi ooru mú oúnjẹ inú abọ́ gbóná.

"Oúnjẹ ta nìyẹn?"

"Olówó orí mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò jẹ oúnjẹ tútù mọ́."

Igbákejì kọjú sógiri, ẹ̀rín ń mì í léjìká.